A Dúpẹ́ Kí Ara Rẹ̀ Tó Yá

Bí o bá kí ará ilé wa ní “Ọ̀kun” tí kò dáhùn, ìjà ló ń bá ọ jà yẹn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ṣe tíṣà ní Lọ́kọ́ja, kọjú sí ògiri, tí kò wẹ̀, tí kò jẹun, tí kò sì dá “Ọ̀kun” ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́, inú ló kọ́kọ́ bí mi. Mo ní, kí la fi ṣe é? Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò tíì rìn nígbà náà. Èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n káàkiri Old Market.

Ọkọ rẹ̀, akọ̀wé ìjọba, oníwà pẹ̀lẹ́, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ ní Kàdúná. Dókítà fún un ní oògùn oníhóró, ó ní kó má ṣe dá a dúró. Ó tún ní, “Bí ẹ bá rí i tí ara rẹ̀ ń yá jù, ẹ tètè gbé e padà wá.” Ọ̀rọ̀ yẹn la fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. Ta ni ara rẹ̀ ń yá jù láyé yìí?

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló dìde. Ó gbálẹ̀ agboolé kí ilẹ̀ tó mọ́, ó dín àkàrà fún gbogbo àdúgbò, ó ń kọrin, ó ń kí ènìyàn kí wọ́n tó kí i. Oorun kò tilẹ̀ kùn ún. Màmá ní Ọlọ́run ti ṣe é. Wọ́n dá ọjọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ní ẹni tó fẹ́ dúpẹ́ kì í tún tọ́jú oògùn sábẹ́ ìrọ̀rí. Wọ́n kó o dà sí odò Ọya. Kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn, ọkọ rẹ̀ pàápàá kò bá wọn jiyàn.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ó jó títí dé iwájú pẹpẹ. Nígbà tí gbogbo wa jókòó, kò jókòó. Ó ń wàásù. A ní Ẹ̀mí ló gbé e.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó pọn ọmọ, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ní òun ń lọ wàásù fún àwọn ará òdìkejì. Láàárín odò ló dìde dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Baba Núpé tó ń wa ọkọ̀ dì í mú, ó sì wà wọ́n padà sí èbúté. Ọmọ kò já sómi. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ ní Kábà. Ó sọ fún màmá wa pé, “Màmá, ẹ má bínú. Títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀ ni.”

Èmi àti Màmá la tún gbé e padà sí Kàdúná. Dókítà ní àìsàn kan náà ni ìdùbúlẹ̀ yẹn àti ijó yẹn. Ó ní oríṣiríṣi ló wà. Ti àwọn kan máa ń gbé wọn sókè títí wọn ò fi ní mọ ohun tí wọ́n ń ṣe mọ́, bíi ti ẹ̀gbọ́n mi. Ti àwọn mìíràn kì í ga tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n á máa ṣe láìsinmi, tí ayé á máa yìn wọ́n, ìbànújẹ́ tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń pẹ́. Àwọn kan sì wà tí tiwọn kò le, ṣùgbọ́n lókè-nílẹ̀ ni wọ́n ń wà lọ́dọọdún.

Màmá ní, “Èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ṣíṣe yẹn…” Mo rántí bí Màmá fúnra wọn ṣe máa ń dá oko tí ọkùnrin ò lè dá, tí wọ́n á sì wá dùbúlẹ̀ títí iṣu á fi ta lóko. Ibà la máa ń pè é. Bàbá á sì máa se àgbo fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi lo oògùn rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ọkọ rẹ̀ ò dá ọmọ padà.

Ọdún tí Lọ́kọ́ja di olú ìlú ìpínlẹ̀ ni wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ náà wá lo ọlidé. Ó ti ga dé èjìká mi. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó ní, “Ọ̀kun, Àńtí.”

“Ọ̀kun, ọmọ mi.” Ayọ̀ kún ojú ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ máa jó. Ó wá wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ayọ̀ òun ti pọ̀ jù. Ó rọra jókòó.