Ààwẹ̀ Ìyá Ìyàwó Mi

Ẹni tó bá mọ ìyá ìyàwó mi kò ní gbà pé wọ́n lè gbààwẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, tí gbogbo wa ń gbé ní Ìbà, bí ìjọ aláṣọ funfun wọn bá kéde ààwẹ̀, kí oòrùn tó ràn dáadáa ni Màmá á ti sọ pé òòyì ń kọ́ àwọn. Màmá yìí kan náà ló dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù àwọn tó ní jẹjẹrẹ, tí wọ́n ní ààwẹ̀ làwọn ń gbà.

Abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n ń gba níbẹ̀. Dókítà sì ti kìlọ̀: bí Màmá kò bá jẹun, ara wọn ò ní lè gba èyí tó kàn, òun ò sì ní fún wọn. Ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ mímu lọ, Màmá yíjú sógiri. Ó gbé ọbẹ̀ ẹja lọ.

“Ọmọ mi, ààwẹ̀.”

“Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mélòó, Màmá?” ni mo bi wọ́n.

“Àna mi, ṣé ẹ fẹ́ bá mi gbà á ni?”

Mo dé abọ́ ọbẹ̀ ẹja náà padà.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Ìyá Ìjọ wọn wá kí wọn láti Igbó-Elérin. Inú ẹ̀ dùn sí ààwẹ̀ yẹn, ó ti ròyìn ẹ̀ fún gbogbo ìjọ. Ó gbàdúrà gidi. Bí Màmá ṣe lanu ṣe “Àmín” báyìí, Ìyá Ìjọ rí ahọ́n wọn tó funfun báláú.

“Há! Aláàwẹ̀ wa ti mu ẹ̀kọ!”

“Ta ló mu ẹ̀kọ?”

“Òun ló wà lórí ahọ́n yín yẹn, àbí ẹfun lẹ lá?”

Màmá tí kò lè dá jókòó látàná dìde jókòó fúnra wọn. Dókítà ń kọjá lọ.

“Dókítà, ẹ gbà mí! Ẹ wo ẹnu mi fún obìnrin yìí, bóyá oúnjẹ wà níbẹ̀!”

Dókítà tan tọ́ọ̀ṣì. Ó fi igi pẹlẹbẹ kan ha ahọ́n náà, ẹ̀jẹ̀ yọ lábẹ́ funfun yẹn, Màmá ké.

“Ẹ̀kọ kọ́ o,” ni dókítà wí. “Ìbátan ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀ ni. Ó máa ń wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́jẹ́, bí ayálégbé tó mọ̀wà hù. Abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ ló sọ ara Màmá di aláìlágbára, ni ayálégbé bá gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Màmá, ṣé kò dùn yín láti gbé nǹkan mì?”

“Bí ẹni ń gbé ẹyin iná mì ni.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ, Màámi?” ni ìyàwó mi bi wọ́n.

“Kí n ní mi ò lè jẹun? Èmi? Ta ló máa gbà mí gbọ́?”

Dókítà kọ oògùn olómi kan tí Màmá ń fi ṣan ẹnu, tí wọ́n sì ń gbé mì. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọ̀nà ọ̀fun là. Màmá mu ẹ̀kọ tán, wọ́n béèrè mọ́ínmọ́ín. Dókítà wo abọ́ tó ṣófo, ó ní kí nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ tó kàn wá. Màmá ní kó ṣe sùúrù ná, àwọn ṣì ń jẹun lọ́wọ́.