Géètì Verna Tulloch

Verna Tulloch kì í ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Gbogbo wa ní Tarrawhin, ìlú wa kékeré, mọ̀ pé bí èèyàn bá sọ fún un pé òjò ń bọ̀, yóò kọ́kọ́ jáde lọ wo ojú ọ̀run fúnra rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àgùntàn àti ilẹ̀ ló kù fún un.

Lọ́dún ìdìbò yẹn, wọ́n fẹ́ fa wáyà iná ńlá gba ilẹ̀ wa kọjá, láti ibi àwọn ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn ṣe iná lọ sí Melbourne. Iwájú fèrèsé ìdáná Verna gan-an ni wọ́n ya ọ̀kan nínú àwọn òpó irin tí yóò gbé wáyà náà sí. Ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ wáyà wá bá a. Ó ní bí Verna bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kí ìdìbò tó dé, àwọn yóò gbé òpó náà lọ sórí òkè tó wà lẹ́yìn ilé. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ibi tí wọ́n yà á sí náà ni yóò dúró sí.

Òkè yẹn kọjú sí ilé Alby Kerrison, aládùúgbò rẹ̀. Alby àti Verna jọ lọ sí ilé ìwé kan náà, wọ́n sì ti jọ ń rẹ́ irun àgùntàn láti ìgbà tí bàbá àwọn méjèèjì wà láyé. Verna gbé ìwé náà sórí fíríìjì, ó gbé ìkòkò tíì lé e.

Àwọn tó ń díje fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìlú. Dimitra Savas, ti ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè, ní àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi èédú ṣe iná ti ń kógbá sílé, wáyà náà gbọ́dọ̀ kọjá, ara owó tó bá ti ibẹ̀ wá ni wọn yóò sì fi tún afárá wa tó ti bàjẹ́ ṣe. Verna bi í pé ọdún wo ni wọn yóò tún un ṣe. Dimitra ní òun ò lè sọ. Lachlan Prewett, tó ti Melbourne wá, dé fìlà ẹlẹ́tí fífẹ̀ tí àwọn darandaran ń dé, tuntun ni. Ní tirẹ̀, ó ní òun yóò dá wáyà náà dúró, òun yóò tún afárá ṣe, òun yóò dá nọ́ọ̀sì òru padà sí ilé ìwòsàn, òun yóò sì dín owó orí kù.

Alby sọ ọ́ sí Verna létí. “Wọ́n ti rí góòlù lẹ́yìn ilé bàbá ọkùnrin yìí ni?”

Verna ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Prewett wá wo ibi tí òpó náà yóò dúró sí. Prewett ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, pé darandaran ni bàbá àgbà òun, òun mọ ilẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ wa, géètì tí o bá bá ní ṣíṣí, ṣíṣí ni wàá fi í sílẹ̀. Èyí tí o bá bá ní títì, wàá tì í padà. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ àgbàlagbà ní èyí. Bí oòrùn bá ti mú, Verna máa ń ṣí géètì tó wà láàárín pápá òkè àti ọpọ́n omi, kí àwọn àgùntàn lè máa lọ mu. Ibẹ̀ náà ni ọ̀nà ilé rẹ̀ gbà. Ibẹ̀ ni Prewett gbà wọlé lọ́jọ́bọ̀.

“Ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan, Mà,” ó ní. “Bí mo bá ti wọlé, wáyà yẹn ò ní kọjá.”

“Bí o bá wọlé, tí àwọn ọ̀gá rẹ ní kò sówó ńkọ́?”

“Ọ̀rọ̀ mi ni mo fún yín yẹn.”

Ó mu tíì tán, ó lọ. Verna jókòó ti ife náà pẹ́. Nígbà tó jáde, ó bá géètì ní títì, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n kọ́ ọ dáadáa. Àwọn àgùntàn ti rọ́ mọ́ wáyà ọgbà, ẹnu wọn là sílẹ̀ nínú oòrùn. Ọ̀dọ́ àgùntàn kan ti ṣubú, kò sì dìde mọ́.

“Ọmọ-ọmọ darandaran,” Verna wí. Ó ṣí géètì. Ó wọlé, ó gbé ìkòkò tíì kúrò, ó fọwọ́ sí ìwé náà, ó sì wakọ̀ lọ fi í ránṣẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà.

Lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n ń yan sọ́séèjì àti àlùbọ́sà tà bí àṣà wa, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ọgbà ilé ìwé tí a ti ń dìbò. Prewett na ìwé pélébé ìpolongo rẹ̀ sí Verna lẹ́nu ọ̀nà. Verna gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé igi ló dúró níbẹ̀. Alby wà lórí ìlà níwájú mi, búrẹ́dì àti sọ́séèjì rẹ̀ lọ́wọ́.

“O ò tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi,” Alby sọ fún Verna. “Èmi ni mo bá ọ ti géètì rẹ lọ́jọ́bọ̀. Mo rí ọmọ Melbourne yẹn tó jáde, mo rí géètì ní ṣíṣí, mo ní òun ló gbàgbé.”

Verna dúró. “Ìwọ?”

“Ta ló máa fọkàn tán ẹni tó dé fìlà tuntun bẹ́ẹ̀ yẹn?”

“Alby, ìgbà oòrùn la wà. Géètì omi ni, ṣíṣí ló yẹ kó wà.”

Mo rí i tí ó yé Alby. Ó wolẹ̀. Verna ò fà á gùn.

“Mo ti fọwọ́ sí ìwé wáyà yẹn,” ó ní. “Wọ́n ń gbé òpó náà lọ sórí òkè.”

“Òkè wo?”

“Mélòó ni òkè tí mo ní?”

Àlùbọ́sà já bọ́ láti inú búrẹ́dì Alby sórí bàtà rẹ̀, kò gbọn ọ́n dànù. “Nítorí géètì?” ó bi í.

“Nítorí géètì.”

Ìlà sún síwájú. Wọ́n wọlé, kálukú dojú kọ pátákó ìdìbò tirẹ̀, wọ́n sì dìbò. Ẹni tí Verna dìbò fún, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, a ò sì bi í.

Prewett ló wọlé. Títí di òní kò tíì sọ̀rọ̀ wáyà nílé aṣòfin. Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ihò òpó gun orí òkè náà. Afárá wa ṣì wà bó ṣe wà.

Verna ti fi wáyà lílágbára so géètì omi mọ́ òpó ọgbà ní ṣíṣí, kò sẹ́ni tó lè tì í láìmú ìgéwáyà dání. Bí Alby bá ń wa ọkọ̀ kọjá níbẹ̀, ó máa ń rọra. Ó máa ń wo géètì náà. Kì í sọ̀kalẹ̀.