Ìlà Àdá Méjì

Ọba méjì ló jẹ́ orúkọ kan náà ní ìlú kékeré wa, tí kò jìnnà sí Ṣàgámù. Ẹni àkọ́kọ́ ti wàjà kí ẹni kejì, bàbá àgbà ọkọ mi, tó gorí oyè. Ilé tí wọ́n ti wá yàtọ̀, orúkọ wọn kò yàtọ̀. Oríkì nìkan la fi ń dá wọn mọ̀.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi ní oríkì àwọn méjèèjì nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Bí a bá ń yan gàrí lọ́wọ́, wọ́n á dá ìlà kan, èmi náà á dá a tẹ̀ lé wọn. Bí mo bá ṣì í, wọ́n á fi àfọ́kù igbá lu etí agbada: "Bẹ̀rẹ̀ láti òkè!"

Ìgbà tó kù díẹ̀ kí ìjọba ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ni àwọn ará kánsù gbé pátákó dé. Wọ́n fẹ́ fi orúkọ ọba sọ ọ̀nà odò. Ọba wo nínú àwọn méjèèjì? Wọn kò tilẹ̀ bèèrè. Ní tiwa, ẹni tí a bá kì nídìí òpó pátákó yẹn ló ni ọ̀nà, èmi ni wọ́n sì ní kí n wá kì í, nítorí ohùn mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá ọkọ mi wọ yàrá mi.

"Ìyàwó, ìlà àdá méjì yẹn, tó sọ ẹni tó la ọ̀nà odò, fi í sínú oríkì tiwa."

"Ìyá, ṣebí ti ọba àkọ́kọ́ ni?"

"Ta ni yóò mọ̀? Àwọn ará kánsù? Bí ọ̀nà yìí bá fi bọ́ lọ́wọ́ wa, má kúnlẹ̀ kí mi mọ́."

Nígbà tí a débẹ̀, olórí ilé ọba àkọ́kọ́ ti dúró pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, àdá lọ́wọ́. Ó ní oko lòun ń lọ.

Ìyàwó ilé wa kan pè é níjà: "Bàbá, oko wo lẹ ń wọ agbádá lọ?"

"Oko tí bàbá wa lànà rẹ̀ ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọba ilé ọkọ mi, mo kì í dé ibi tó ti ṣí àká fún àlejò lọ́dún tí iṣu wọ́n. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ki ìlà yẹn bọ̀. Mo wo ìyá ọkọ mi; ètè wọn ti ń mì ṣáájú tèmi. Mo kọjú sí bàbá alágbàádá, mo sì bẹ̀rẹ̀ oríkì ọba àkọ́kọ́ láti òkè, títí mo fi dé ìlà yẹn:

"Ó fi àdá méjì lànà odò,
aboyún ń pọnmi, kò kọsẹ̀ mọ́."

Bàbá ṣí fìlà. Ọ̀gá kánsù pàtẹ́wọ́. Lójú tirẹ̀, ọba kan ṣoṣo ni mo kì.

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá ọkọ mi.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá."

Wọn kò dáhùn. N kò dìde. Adìẹ wọlé tán, orúnkún mi ti kú tipiri.

"Ta ló kọ́ ẹ ní oríkì yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

Wọ́n wo ojú àgbàlá.

"Dìde. Iná gàrí ń kú lọ."