Omi Inú Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Mi
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kun bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò kan ṣoṣo ní ìsọ̀ mi ní Fìdítì, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Ìlọrà ló ni mọ́tò náà. Ọkọ wọn tó ti kú ló fi sílẹ̀ fún wọn. Àwọ̀ búlúù tó ní tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́, wọn ò fẹ́ kó yàtọ̀ rárá.

Ìgbà òjò ni. Mo ha ara ọkọ̀ náà, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ. Mo tan ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ìbọn tí a fi ń fín ọ̀dà, mo fín in. Kí n tó jẹun ọ̀sán tán, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti yọ ìléròrò wẹ́wẹ́ káàkiri. Mo ha á kúrò, mo tún un fín. Ó tún yọ ọ́.

Inú bí mi. Mo gun ọ̀kadà lọ bá obìnrin tó ń ta ọ̀dà fún mi ní Awẹ́.

Mo ní, "Ẹ ti fi omi lu ọ̀dà tí ẹ tà fún mi."

Ó ní, "Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń rà á lọ́wọ́ mi, ìgbà wo lẹ rí irú ẹ̀ rí?"

Mo pè é ní oníjìbìtì lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo sì bá tèmi lọ. Ọ̀yọ́ ni mo ti ra òmíràn. Ìyẹn náà yọ ìléròrò.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá tíṣà wá. Wọ́n fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tí iṣẹ́ yìí bá ju agbára rẹ lọ, sọ fún mi. N ò ní bínú." Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Bàbá kan tó ń tún fíríìjì ṣe ní ìsọ̀ kejì gbọ́ wa, wọ́n sì wá. Wọn ò wo ọ̀dà rárá, abẹ́ táǹkì tí ẹ̀rọ mi ń kó afẹ́fẹ́ sí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò.

"Ìgbà wo lo ṣí ìdí ẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Ìdí kí ni, bàbá?"

Wọ́n fi púláyà tú nọ́ọ̀tì kékeré kan tó wà níbẹ̀. Omi pupa tó ti dípẹtà tú jáde, ó rin bàtà àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wọ́n ní, "Omi wà nínú afẹ́fẹ́ ìgbà òjò. Ẹ̀rọ yìí ń fún un pọ̀, ó ń gbóná. Tó bá tutù nínú rọ́bà tó gbé e lọ sínú ìbọn, omi á yọ, á bá ọ̀dà jáde. Ṣé o kì í rí bí ara ife omi tútù ṣe ń làágùn ni?"

Abẹ́ páànù tó gbóná ni mo gbé ẹ̀rọ náà sí, mo tún fi àpò bò ó nítorí eruku. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò fi nọ́ọ̀tì yẹn hàn mí.

Mo gbé ẹ̀rọ náà síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Mo fi páìpù onírin gígùn sáàárín táǹkì àti rọ́bà, kí afẹ́fẹ́ lè tutù níbẹ̀, kí omi sì kán sínú ìgò kékeré tí mo so mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àràárọ̀ ni mò ń ṣí ìdí táǹkì. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọ̀dà náà dán. Ìyá tíṣà yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn," wọ́n sì wà á lọ.

Mo padà sí Awẹ́ lọ bẹ obìnrin ọlọ́dà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Mo ti gbọ́," ó sì kọjú sí ẹni tó ń rajà. Àwọn tí mo bú u lójú wọn ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Títí di òní, kò ta ọ̀dà fún mi mọ́.