Ìyàwó Bàbá Inú Fíìmù

Òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ pàdé mi nílé ọkọ mi ní Ìbà. Ìyá kan tó ń gbé yàrá iwájú ló máa ń yan án ní ẹ̀yìnkùlé kó tó gbé e lọ tà ní Okokomaiko, èéfín rẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ wa. Ìyàwó tí ọkọ mi kọ́kọ́ fẹ́ ti kú, ó fi ọmọbìnrin kékeré kan sílẹ̀. Ìwọ náà mọ bí àlọ́ ṣe máa ń rí: ìyá á kú, bàbá á gbé ìyàwó tuntun wọlé, ìyàwó tuntun á sì di ìkà. Kí n tó sọ àpótí mi kalẹ̀ ni ipa tí mo máa kó ti ń dúró dè mí.

Ọmọ náà ò rí mi fín. Á kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, àmọ́ kì í jẹ oúnjẹ mi. Á ní òun ti yó. Nígbà tó yá, egungun èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, mo sì mọ ohun tí àwọn ará ilé máa sọ.

Lọ́sàn-án Sunday kan, iná dé, àwa mẹ́ta jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Nínú fíìmù náà, ìyàwó bàbá da májèlé sínú ọbẹ̀ ọmọ ọkọ rẹ̀, ọmọ tó fúnra rẹ̀ bí ló wá jẹ ẹ́. Bí irú wọn ṣe máa ń parí náà nìyẹn. Nígbà tí mo yíjú, ọmọ náà ò wo fíìmù mọ́, èmi ló ń wò.

"Àǹtí, ṣé ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi?"

Inú bí mi. Bàbá rẹ̀ fẹ́ bá a wí, mo ní kó fi í sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ búra fún un? Ìyàwó bàbá inú fíìmù náà kúkú búra.

Mo ní, "Láti òní lọ, a jọ máa sebẹ̀. Ìwọ ni wàá máa bu oúnjẹ fún gbogbo wa."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ mi tí mo bá ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀. Nígbà mìíràn, mo ti jókòó tán kó tó pààrọ̀ àwo mi mọ́ tirẹ̀. Èyí tó bá kàn mí ni mo ń jẹ. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń kún díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń sá aṣọ, mo gbọ́ tí ìyá ẹlẹ́ja ń bi í nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Ṣé ìyàwó bàbá ẹ ò fìyà jẹ ẹ́? Wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe dáadáa náà ni o. Ṣé o ò rí i nínú fíìmù ni?"

Ọmọ náà ní, "Fíìmù nìyẹn, mà. Àwa kàn jọ ń sebẹ̀ ni."

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́, mi ò lè wọlé.

Ó ti wà ní yunifásítì báyìí. Àǹtí náà ló ṣì ń pè mí, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Mi ò bínú sáwọn tó ń pa irú àlọ́ yẹn; ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú nílò ẹni tó máa kìlọ̀ fún un. Àmọ́ kò sí àyè nínú àlọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó bàbá tó kàn se oúnjẹ, tí wọ́n jẹ ẹ́, tí nǹkan kan ò sì ṣẹlẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni irú ìyẹn ń gbà, kò sì sẹ́ni tó máa jókòó wò ó.