Igi Òrí Mẹ́ta Ẹ̀yìnkùlé Wa

Bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú ní Ketu, òrí inú ike ní ṣọ́ọ̀bù mi á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ẹnu ọ̀nà. Àwọn oníbàárà tí kò mọ òrí máa ń fọwọ́ bo imú, wọ́n á ní, "Mummy, kí ló ń rùn báyìí?" N kì í bínú. Èéfín igi ni èmi ń gbọ́ nínú òórùn yẹn, àti ti kóró òrí tí wọ́n ń yan nínú ìkòkò, àti ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ní ẹ̀yìnkùlé bàbá mi ní Òkè-Ògùn. Ọ̀rẹ́ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta òrí níbí, síbẹ̀ àárò ẹ̀yìnkùlé yẹn kò yéé sọ mí.

Igi òrí mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbìn wọ́n. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa ń ṣán ilẹ̀ ni wọ́n bá wọn níbẹ̀, wọ́n sì dá wọn sí. Bí èso bá pọ́n, àdán á dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jẹ èso, wọ́n á ju kóró sórí páànù ilé wa, ko! ko! Tí àwa ọmọdé bá fẹ́ sọ wọ́n lókò, bàbá mi á pariwo: "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀! Òṣìṣẹ́ mi ni wọ́n, wọn kì í gba owó oṣù." Láàárọ̀, a ó ṣa kóró náà, Bàbá á kó o pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ṣà lóko, wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, títí àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun á fi wá rà á. Nígbà tí mo wá di ará Èkó, kò sí àsìkò èso tí Bàbá kì í di èso díẹ̀ sínú páálí fún dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà ilé wa. Ní gáréèjì Ketu ni màá ti gbà á. Màá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, omi èso á máa kán sí mi ní àgbọ̀n bí ọmọ ọdún mẹ́fà.

Lọ́jọ́ kan, rédíò gbé e pé ìjọba ń gbèrò láti fòfin de kíkó kóró òrí lọ sókè òkun, kí iléeṣẹ́ ilẹ̀ wa lè máa fi ṣe òrí àti ìpara níbí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó láàárín ọjà. Ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi nínú pé wọ́n á kó kóró wa lọ, wọ́n á wá dá a padà fún wa nínú ike kékeré bí ìpara olówó gọbọi. Mo pe Bàbá lójú ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ má tíì ta kóró yín o. Iléeṣẹ́ ń bọ̀, owó rẹ̀ á lé."

"Mo fẹ́ fi pààrọ̀ páànù ilé kí òjò tó dé ni. Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá."

Ẹyin lohùn, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìyẹn nígbà tí ìròyìn bá ń dùn lẹ́nu rẹ̀?

Wọn ò tíì fọwọ́ sí òfin náà tí àwọn tó ń kó kóró lọ sókè òkun ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n ti ẹrù òun mọ́ èbúté. Òfin jáde, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tí mo ń fi fọ́nnu, ẹnu rédíò ló ṣì wà. Ní abúlé, kóró di ohun tí wọ́n ń bẹ èèyàn kó rà. Ní Ketu ńkọ́? Òrí dínwó! Àwọn tó ń ṣe ìpara ń wá láti Ìkòsì àti Ṣángísà, wọ́n ń rà á ní garawa garawa, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Mo ń ṣe àmín. N kò bi ara mi léèrè ọwọ́ ta ni ẹ̀dínwó yẹn ti wá.

Nígbà tí àsìkò èso tún dé, mo lọ sí gáréèjì. Dírẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Páálí mi dà?"

"Aunty, no fruit this year o. Bàbá ní kí n kí yín."

"Ṣé igi ò so ni?"

Ó họ orí, ó wo àwọn àpò èédú tí wọ́n tò sórí ọkọ̀ rẹ̀. "Wọ́n ti gé e, Aunty. Àwọn eléèédú ló rà á. Ó lè wà nínú ẹrù tí mo kó wá yìí gan-an."

Mo fọwọ́ kan àpò kan, mo tún fọwọ́ kan òmíràn. N kò mọ ohun tí mo ń wá. Ibẹ̀ ni mo ti pe Bàbá, mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi. Wọ́n dá mi lóhùn:

"O ní kí n dúró, mo dúró. Òjò ni kò dúró."

Páànù ogbó ti jò sórí gbogbo àpò kóró, gbogbo rẹ̀ ti bu, kò sì sí ohun mìíràn tí wọ́n lè tà láti fi kan òrùlé ju igi mẹ́ta yẹn lọ.

Mo lọ sílé lọ́sẹ̀ kejì. Páànù tuntun ń kọ mànà. Bàbá kò dá mi lẹ́bi, ìyẹn ló dùn mí jù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn àdán dé, wọ́n fò yí ojú ọ̀run tó ṣófo ká, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá bẹ́ẹ̀," Bàbá sọ. "Wọn ò tíì gbọ́ ìròyìn."

N kò sọ pé òfin náà burú. Bóyá lọ́jọ́ kan iléeṣẹ́ á dé, àwọn ọmọ wa á ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n igi òrí kì í kánjú. Ẹni tó bá gbin òmíràn lónìí, ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni yóò jẹ èso rẹ̀. Èmi tí mo wà ní Ketu ni mo gbọ́ ìròyìn, àwọn tó wà lábẹ́ igi ni mo fi ìdánilójú mi pa lára.

Lóṣù tó kọjá, Bàbá pè mí. Rédíò tún ní ìjọba fẹ́ yí òfin náà padà. Kóró díẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n ṣà lóko.

"Ká tà á ni, àbí ká dúró?"

"Bàbá, kò dá mi lójú."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn mọ́ látìgbà tí igi ti wó. "Ó kù díẹ̀ kó o di àgbẹ̀," ni wọ́n wí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi wà lókè, lára páànù ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni ń retí kí kóró kan já lù ú.