Wọ́n Kọ́ Wa Bí A Ṣe Ń Ya Ọkàn

Nígbà tí mo wà lọ́mọ girama ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ta ló lè ya ọkàn ènìyàn bí èmi? Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí: pẹ́ńsù pupa lápá kan, búlúù lápá kejì. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan, tíṣà á fi pàṣán rán an létí. Ìdí mi ti gbóná rí nítorí rẹ̀, ju ẹ̀wà àgànyìn tí a ń jẹ láàárọ̀ lọ.

Àǹtí Sikira, àbúrò ìyá mi, ló tọ́ mi. Mílíìkì alágolo ló ń tà l'Ókè Àrin, èmi ni mo sì máa ń bá a to páálí ní Sátidé. Lọ́jọ́ kan, mo fi ìwé mi hàn án ní ṣọ́ọ̀bù: mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dókítà mi! O ò ní jẹ́ kí n kú báyìí."

Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn náà tó ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí. Kò mí mọ́. Ẹnìkan da omi tútù sí i lórí, òmíràn ń fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀. Àwọn ìyá ọjà ń pariwo sí i létí, "Sikira o! Sikira, dáhùn o!", torí a gbà pé ẹni tí wọ́n bá ń pè lórúkọ kò ní lè lọ. Èmi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mò ń ké. Ọkàn tí mo mọ gbogbo yàrá rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ níwájú mi, n kò mọ̀ pé ènìyàn lè gbé ọwọ́ lé àyà kó máa tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mo ti di ìyá ọlọ́mọ kí n tó kọ́ ọ, níbi iṣẹ́, lára bèbí oníke. Kúnlẹ̀, gbé ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà, tẹ̀ ẹ́ gidi, kíákíá, má dúró títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Ọ̀sán kan péré ni wọ́n fi kọ́ wa! Inú bí mi débi pé mo sunkún lórí bèbí náà. Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní girama. Wọn ò rí ọ̀sán kan yọ níbẹ̀?

Lóṣù tó kọjá, mo dìde ní ìpàdé òbí nílé-ìwé ọmọ mi, mo ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń tẹ àyà. Pírínsípà ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, kò sí nínú ìdánwò." Ìdánwò! Àbí ìwé ẹ̀rí la máa nà sí ikú bó bá dé?

Láyé tiwa, pàṣán ni. Láyé tiwọn, fóònù lọmọ mi fi ya ọkàn tirẹ̀. Pupa lápá kan, búlúù lápá kejì. Ó gbé e wá fi hàn mí lánàá: mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Mo bi í pé bí mo bá ṣubú lulẹ̀ báyìí ńkọ́?

Ó ní, "Màá máa pariwo pè yín létí ni, Mọ́mì."

Mo fa ìrọ̀rí kan sílẹ̀, mo ní kó kúnlẹ̀, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e láàárín.